Ọgọ́rin Ebè Tí Bàbá Rámọ́tù Kọ Lẹ́ẹ̀mejì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dópin kí ẹ tó bú mi. Ọ̀rọ̀ kan ti ń wúwo lọ́kàn mi láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. N kò pa èèyàn, n kò sì jí nǹkan oníǹkan. Ìṣirò ni mo ṣe. Mo ṣì í ṣe, mo wá mọ̀ pé mo ṣì í ṣe, mo sì dákẹ́.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí ni pé ní Sátidé tó ń bọ̀, Rámọ́tù ń bọ̀ wá mú bàbá rẹ̀ kúrò ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí lọ sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn. Bàbá fúnra wọn ló ránṣẹ́ sí i. Wọ́n ní orí àwọn ti ń dàrú, pé ẹni tí kò lè ka ebè mọ́ kò yẹ kó dá wà lóko.

Orí Bàbá kò dàrú. Èmi ni mo jẹ́ kí wọ́n gbà pé ó dàrú.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé mo máa ń ṣàlàyé jù, àwọn ọ̀rẹ́ mi ti sọ fún mi, ṣùgbọ́n tí n kò bá sọ ọ́ tán, ẹ lè rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni.

Nígbà tí mo parí ìsìnrú ìlú, mo padà sílé, kò sí iṣẹ́. Gbogbo ohun tí mo ní ni ìwé ẹ̀rí mi àti kọ̀ǹpútà alágbèéká kan tí ojú rẹ̀ ti fọ́ ní igun. Àgbẹ̀ ni bàbá mi. Nígbà náà, àwọn mẹ́rin ló ń ṣe àáró pọ̀: bàbá mi, Sùlé tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, Bọ̀ọ̀dá Làmídì tí kì í yé ṣe yẹ̀yẹ́, àti Bàbá Rámọ́tù tó dàgbà jù nínú wọn. Tí wọ́n bá lọ sí oko ẹnì kan lónìí, oko ẹlòmíràn ni lọ́la. Báyìí ni wọ́n ṣe máa ń kọ ebè iṣu ọdún kọ̀ọ̀kan kí ilẹ̀ tó le.

Ní ọdún yẹn, wọ́n fẹnu kò pé kí oníkálùkù kọ ọgọ́sàn-án ebè ní oko ẹnìkọ̀ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó kù. Ìyẹn jẹ́ òjìlélẹ́ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, 540, fún ẹnì kan. Tí èèyàn bá kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní oko kan, ó lè dín in kù ní oko mìíràn, bí àpapọ̀ rẹ̀ bá ṣáà ti pé. Nítorí orúnkún Bàbá Rámọ́tù ni wọ́n ṣe gbà bẹ́ẹ̀. Bàbá fẹ́ràn kí wọ́n lo agbára wọn ní ọjọ́ àkọ́kọ́, nígbà tí orúnkún kò tíì bẹ̀rẹ̀ wàhálà rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mo gbọ́dọ̀ sọ bí àsìkò yẹn ṣe dùn tó. Èmi ni mo máa ń gbé oúnjẹ lọ fún wọn. Ìrì á ti rẹ ìdí yẹ̀rì mi kí n tó dé oko. Màá máa gbọ́ ẹtù tí wọ́n ń ké láti apá igbó ìjọba, lẹ́yìn náà màá máa gbọ́ ọkọ́ mẹ́rin tí wọ́n ń wọ ilẹ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, lẹ́yìn náà ẹ̀rín. Ẹ̀rín Bọ̀ọ̀dá Làmídì ló máa ń kọ́kọ́ dé etí mi. Wọ́n á fi ìsìnrú ìlú mi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ẹ kọ́wọ́ dúró o, ìjọba ti dé pẹ̀lú iṣu sísun!" Bàbá mi á ní, "Ebè méje péré lo ti kọ láàárọ̀, o ti ń wá ìjọba." Òórùn ilẹ̀ tútù yẹn, iṣu sísun, epo àti ata tí a fi iyọ̀ sí. Kò tíì sí ibì kankan tí mo ti jẹ oúnjẹ tó dùn bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà.

Bàbá Rámọ́tù ló ti ń kà fún gbogbo wọn láti ìgbà tí wọn kò tíì bí mi. Kóró kaṣú gbígbẹ ni wọ́n fi ń kà. Wọ́n á kó kóró sí àpò òsì. Bí ebè bá ti pé ogún, wọ́n á mú kóró kan láti àpò òsì sí àpò ọ̀tún. Tí iṣẹ́ bá parí, wọ́n á tú àpò ọ̀tún sórí ewé, wọ́n á sì sọ iye rẹ̀ láìfi àkókò ṣòfò. Kò sẹ́ni tó jiyàn rí.

Bàbá mi ló sọ pé kí n gba iṣẹ́ náà. Wọ́n ní kí ni mo wá kàwé fún? Inú Bàbá Rámọ́tù dùn ju ti bàbá mi lọ. Wọ́n ní, "Àjíkẹ́ mi, gbà á. Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì." Bàbá Rámọ́tù nìkan ló ṣì ń pè mí ní Àjíkẹ́ láti ìgbà tí ìyá bàbá mi ti kú.

Ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí n kò fi fóònù ṣe ìṣirò náà. Ìbéèrè tó tọ́ ni. Ojú yóò tì mí láti dáhùn, ṣùgbọ́n màá dáhùn.

Nígbà tí mo wà ní ọdún kejì nílé ìwé, àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan wà nínú yàrá kan tí kò ní fèrèsé tó dára. Wọ́n lọ́ra débi pé tí o bá ní kí wọ́n ṣí àwòrán, o lè lọ jẹun kí o tó padà dé. Ọkùnrin tó ń tọ́jú yàrá náà ló fi ojú dúdú hàn mí, níbi tí kò sí àwòrán rárá, tó jẹ́ pé àṣẹ nìkan ni èèyàn ń kọ sí i. Ó ní kí n tẹ àmì dọ́là, àkámọ́ méjì, kí n kọ méje lọ́nà mẹ́jọ sáàárín. Kí n tó gbé ọwọ́ kúrò, 56 ti jáde. Mo rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ó dà bí ẹni pé ẹnì kan wà nínú ibẹ̀ tó ti ń dúró dè mí. Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ìṣirò mi, títí dé iye ọjọ́ tó kù kí ìdánwò bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti ń ṣe é. Mo ṣì ń ṣàárò yàrá yẹn.

Nítorí náà, ojú dúdú yẹn ni mo ṣí fún àwọn aláàáró. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i pé n kò fi ọdún mẹ́rin ṣeré. Mo tún ní ìwà kan: mo fẹ́ràn kí nọ́ńbà tò dọ́gba. Mo máa ń fi òdo ṣíwájú nọ́ńbà kí gbogbo rẹ̀ lè jẹ́ ẹyọ mẹ́rin-mẹ́rin. Tí ó bá jẹ́ 182, mo máa ń kọ 0182. Ó máa ń dára lójú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi òdo yẹn sọ́kàn.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ní oko wa, Bàbá Rámọ́tù kọ òjìlénígba ebè. 240. Èmi fúnra mi ni mo kà á, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé mi. Kò sí ẹlòmíràn kankan nínú wọn tó kọ tó igba lójúmọ́ ní ọdún yẹn. Àwọn yòókù ń kọ ọgọ́sàn-án àti díẹ̀, wọn kò kọjá 199. Ní oko Sùlé, Bàbá kọ 182. Ní oko Bọ̀ọ̀dá Làmídì, orúnkún dé, wọ́n kọ 118. Wọ́n ti mọ̀ pé ó pé, wọ́n sì jókòó.

Ní ọjọ́ tí iṣẹ́ parí ní gbogbo oko, lẹ́yìn ìrun aláásáárì, a pàdé lábẹ́ igi kaṣú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahéré wa. Mo gbé kọ̀ǹpútà lé itan, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yí mi ká. Bí mo ṣe tẹ ti bàbá mi, kọ̀ǹpútà yarí. Ó ní nọ́ńbà kan kò bófin mu, ó sì tọ́ka sí èyí tó ní 8 nínú. Mo yọ òdo iwájú rẹ̀. Ó tún tọ́ka sí òmíràn tó ní 9. Mo yọ ìyẹn náà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ṣe ti Sùlé àti ti Bọ̀ọ̀dá Làmídì. N kò bi ara mi léèrè ìdí. Òógùn ti bò mí, mo kàn fẹ́ kó dáhùn kí ojú má tì mí.

Ó kan Bàbá Rámọ́tù. Ó yarí lórí 0182, mo yọ òdo. Ó yarí lórí 0118, mo yọ òdo. Kò sọ ohunkóhun nípa 0240. Èmi náà kò sì fọwọ́ kàn án.

460 ló jáde.

Mo kà á sókè: "Bàbá Rámọ́tù, irinwó ó lé ọgọ́ta. Ó ku ọgọ́rin."

Bọ̀ọ̀dá Làmídì ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Háà! Bàbá Rámọ́tù! Oko tèmi lẹ wá fi ṣe ibùsùn!"

Bàbá tú àpò ọ̀tún wọn sórí ewé. Wọn kò tíì ṣíwọ́ àṣà wọn. Wọ́n fi ìka ya kóró náà sọ́tọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni. Ogún lọ́nà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n jẹ́ òjìlélẹ́ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta géérégé. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Àjíkẹ́, tún un wò."

Mo tún un tẹ̀. Ohun kan náà ló sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́, ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè fi ọwọ́ ro ìṣirò yẹn pọ̀ lórí ilẹ̀. 240, 182, 118. Ìwé mi wà lórí itan mi. N kò rò ó pọ̀. Ohun tó wà lójú dúdú ni mo gbà gbọ́.

"Bàbá, ó ṣì ń sọ irinwó ó lé ọgọ́ta."

"Ẹ̀rọ kò mọ ojú àgbà o," ni Bọ̀ọ̀dá Làmídì wí. "Àbí kóró kan náà lẹ ń mú jáde tí ẹ tún ń mú wọlé?" Sùlé tí kì í sọ̀rọ̀ pàápàá rẹ́rìn-ín. Bàbá mi ní, "Ẹ má bínú, Bàbá Rámọ́tù. Òfin àáró ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ parí rẹ̀ lóko Làmídì."

Bàbá Rámọ́tù náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọn kò gbójú kúrò lára kóró náà. Wọ́n ní, "Kò sí ìbínú ńbẹ̀. Ọmọ tó kàwé ló kà á. Ó lè jẹ́ pé ogbó ti dé, tí n kò mọ̀. Lọ́la, bí Ọlọ́run bá fẹ́, màá kọ ọ́ pé."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jókòó sí ẹ̀yìnkùlé wa. Mo fẹ́ ṣètò ìṣirò ti ọdún tó ń bọ̀ sílẹ̀, kí n má bàa tún máa làágùn. Mo kọ 0200 láti fi dán an wò. 128 ló jáde. Mo rò pé mo ṣì í tẹ̀. Mo tún un tẹ̀, 128. Nígbà náà ni mo tẹ 0240 ní òun nìkan.

Ó ní 160.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé, tí èèyàn bá fi òdo ṣíwájú nọ́ńbà lójú dúdú yẹn, kò ní kà á ní mẹ́wàá-mẹ́wàá bí a ti ń kà á. Mẹ́jọ-mẹ́jọ ni yóò máa kà á. Nínú 0240, 2 kì í ṣe igba mọ́, 64 lọ́nà méjì ni; 4 kì í ṣe ogójì mọ́, 8 lọ́nà mẹ́rin ni. Nínú irú ìkà bẹ́ẹ̀, kò sí 8, kò sí 9. Ìdí nìyẹn tó fi ń yarí tó bá rí wọn. Tí kò bá rí wọn, á kàn dákẹ́, á sì dín nọ́ńbà náà kù. Ebè àwọn tí wọn kò kọ tó igba ló ní 8 tàbí 9 nínú, ìyẹn ló sì gbà wọ́n. Bàbá Rámọ́tù nìkan ló kọ kọjá igba, ti wọn nìkan ló sì gé. Ọgọ́rin ló gé kúrò, kò dín, kò lé.

Mo gun ọ̀kadà lọ sí oko Bọ̀ọ̀dá Làmídì. Mo fi Ọlọ́run búra fún yín, mo lọ láti sọ ọ́ ni. Ní gbogbo ojú ọ̀nà ni mo ń ronú ohun tí màá sọ.

Mo bá Bàbá níbẹ̀, àwọn nìkan. Wọ́n ti so aṣọ mọ́ orúnkún méjèèjì. Nígbà tí wọ́n rí mi, wọ́n nàró, wọ́n fi ọwọ́ lé ìbàdí.

"Àjíkẹ́! Ṣé ẹ̀rọ ló ní kó o wá ṣọ́ mi ni?"

Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bá yín kọ díẹ̀." Mo ti na ọwọ́ sí ọkọ́.

"Fi í sílẹ̀. Ebè àáró tó bá kù, ọwọ́ ẹni la fi ń kọ ọ́. Bí o bá bá mi fọwọ́ kan ọ̀kan ṣoṣo, Làmídì á ní ogójì lo kọ." Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ó ku ogún péré."

Mo rántí pé ní ìrọ̀lẹ́ àná, bàbá mi ti sọ ní mọ́ṣáláṣí pé ọmọ àwọn ti tún àáró ṣe, pé kò sí màgòmágó mọ́. Mo rántí bí ojú wọn ṣe ń dán. Mo sọ fún ara mi pé kí Bàbá parí ná, kí n tó sọ ọ́. Lẹ́yìn náà mo sọ fún ara mi pé wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí báyìí, kí ni yóò tún yí padà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo irú ìrònú yẹn. Mo dúró lábẹ́ oòrùn, mo ń wo arúgbó tó ń kọ ebè tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n ní kí n wá kà á. Wọn kò mú kóró kankan dání. A jọ rìn láti orí dé ìdí, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ kan ebè kọ̀ọ̀kan, èmi ń kà á sókè. Nígbà tí mo dé ọgọ́rin, wọ́n dúró.

"Ó pé?"

"Ó pé, Bàbá."

"O ṣeun, ọmọ mi. Tìrẹ ni màá máa gbẹ́kẹ̀ lé."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn dáadáa mọ́.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Bọ̀ọ̀dá Làmídì mú ọ̀dọ́kùnrin kan wá sínú àáró. Kò sẹ́ni tó lé Bàbá Rámọ́tù. Wọ́n kàn ní kí àgbà sinmi. Ní ọdún kejì, àáró náà tú ká, oníkálùkù ń wá alágbàṣe. Èmi rí iṣẹ́ sí Ṣakí, mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà. Tí mo bá wá sílé, tí mo gba ọ̀nà oko kọjá láàárọ̀, ọkọ́ kan ṣoṣo ni mò ń gbọ́ níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Kò sí ẹ̀rín. Mo máa ń rò pé èmi ni mo bà á jẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé àáró ti ń tú ká níbi gbogbo.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Rámọ́tù pè mí. A jọ lọ sí ilé kéwú ni nígbà tí a wà ní kékeré. Ó ń sunkún. Ó ní bàbá òun ti ń bi àwọn tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ní mọ́ṣáláṣí léèrè pé, "Ṣé mẹ́rin la kí, àbí mẹ́ta?" Iye ìtẹríba nínú ìrun ni wọ́n ń béèrè, mẹ́rin ni wọ́n sì máa ń kí. Wọn kò ṣì í kà rí. Wọn kò kàn gba ara wọn gbọ́ mọ́ ni. Ó ní, "Láti ọjọ́ tí wọ́n ṣi ebè kà lóko Bọ̀ọ̀dá Làmídì yẹn ni. Wọ́n ní ọjọ́ yẹn ni àwọn mọ̀ pé orí àwọn ti ń lọ." Wọ́n ti ṣèlérí oko wọn fún ẹni tó fẹ́ gbin kaṣú sí i. Tí wọ́n bá dé Ìsẹ́yìn, inú yàrá ni wọn yóò máa jókòó sí láti àárọ̀ dé alẹ́. Mo mọ Bàbá. Wọn kò ní pẹ́ láyé níbẹ̀.

Mo kàn ń sọ fún Rámọ́tù pé, "Pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé mo jẹ́ ọ̀dájú. Lẹ́yìn tó gé fóònù, mo lọ tọrọ àyè lẹ́nu iṣẹ́.

Mo ti gba àyè náà. Ọjọ́bọ̀ ni mò ń lọ sílé. Mo ti pinnu pé màá sọ ọ́, ẹ má ṣe bá mi jiyàn lórí ìyẹn. Ohun tí n kò mọ̀ ni ọ̀nà tí màá gbà sọ ọ́.

Tí mo bá sọ ọ́ fún Bàbá nìkan, wọn yóò dárí jì mí lójú ẹsẹ̀. Mo mọ̀ wọ́n. Wọn yóò tún ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni kí ojú má bàa tì mí. Wọ́n tilẹ̀ lè rò pé mo kàn fẹ́ fi tù wọ́n nínú ni. Gbogbo àwọn yòókù yóò ṣì máa sọ pé ogbó ló ṣe wọ́n. Tí mo bá sì sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn, bàbá mi tó fi mí yangàn ní mọ́ṣáláṣí, tí wọ́n sì fi ẹnu ara wọn sọ pé kí àgbà lọ parí ebè, yóò gbọ́ ọ lójú Bọ̀ọ̀dá Làmídì. Bàbá mi kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Wọn kò ṣẹ̀ mí. Ìtìjú yẹn yóò dé bá wọn láìròtẹ́lẹ̀, láti ọwọ́ ọmọ tí wọ́n ta iṣu wọn fi rán nílé ìwé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà tó ń ka èyí, ẹ̀yin tí ẹ ní bàbá lóko, ẹ bá mi dá sí i kí Ọjọ́bọ̀ tó dé. Tó bá jẹ́ bàbá tiyín ni mo ṣe bẹ́ẹ̀ sí, níbo lẹ ó ti fẹ́ kí n kúnlẹ̀: nínú yàrá wọn, àbí lójú gbogbo àwọn tó rẹ́rìn-ín?